Ìwé Wo Ni Kí A Fi Kọ́ Idà Tai Chi? Ìfiwéra Láti Adó-Èkìtì

Ìwé mẹ́rin lórí idà tai chi, eré ìjà Ṣáínà tí a ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìdárayá, ló wà lórí pẹpẹ mi, ọ̀kan péré ni mò ń lò. Mẹ́ta tó kù kì í ṣe ìwé burúkú, èmi ni mo rà wọ́n láìmọ ohun tí mò ń wá. Mo fẹ́ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbí, kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè mọ èyí tó bá òun mu kí owó tó jáde lápò.

Èkó ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ni ẹnìkan tí a jọ wà níbi iṣẹ́ ti kọ́ mi ní tai chi ọwọ́ lásán, ìtò oní-24, ìyẹn ìdúró mẹ́rìnlélógún tí a ń ṣe tẹ̀ lé ara wọn, tí ìjọba Ṣáínà gbé kalẹ̀ ní 1956. Nígbà tí mo kó padà wá sí Adó, mo wá ẹni tí yóò fi idà lé e fún mi títí, n kò rí. Olùkọ́ kàràtè wà, ti taekwondo náà wà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ idà, wọn a ní ṣebí bàbá ní àwọn ti fẹ̀yìn tì. Ó wá ku ìwé. Ìwé kò sì ba ará Èkìtì lẹ́rù. Wọ́n ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tó pé bí èèyàn bá ju òkò sáàárín ọjà lọ́dọ̀ wa, orí ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò bà.

Idà tí mò ń sọ yìí, jian ni wọ́n ń pè é ní Ṣáínà: ó tọ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lójú méjì. Dao yàtọ̀ sí i. Ojú kan ni dao ní, ó sì tẹ̀ díẹ̀, ó sún mọ́ àdá. Àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì a máa kó ìwé méjèèjì pọ̀ sójú kan, nítorí náà ẹ wo àwòrán iwájú ìwé dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní fi bò. Bí ẹ kò bá tíì mọ tai chi ọwọ́ lásán rárá, ẹ má tíì ra ìwé idà kankan. Àwọn àgbà ní ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba òun. Nínú eré yìí, ẹsẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ èèkù. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń gbé ìwúwo ara láti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì, ìwé yóò máa bá a sọ̀rọ̀ ọwọ́, òun yóò máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́.

Iye ìdúró lẹ máa kọ́kọ́ kà

Kí ẹ tó wo fọ́tò, ẹ ṣí ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn ìdúró sí, kí ẹ kà wọ́n.

Bó bá jẹ́ 32, ẹ ti rí ti ẹni tó ń dá kọ́ nìyẹn. Àjọ eré ìdárayá ìjọba Ṣáínà ló ṣe ìtò yìí ní 1957, láti ara idà ìdílé Yang (ọ̀kan nínú àwọn ìdílé Ṣáínà tó ní ọ̀nà tai chi tirẹ̀), fún ará ìlú tó fẹ́ ṣe eré ìdárayá láàárọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, ìdúró mẹ́jọ-mẹ́jọ: ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀, ẹ ó tún lọ, ẹ ó tún bọ̀, ẹ ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ojú ibi tí ẹ ti gbéra. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ó ti parí. Ìpín mẹ́jọ-mẹ́jọ yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀, nítorí èèyàn lè fi oṣù méjì gbáko jẹ ọ̀nà kan kó sì mọ̀ pé nǹkan kan tó pé lòun mú dání.

Ti ìdílé Yang fúnra rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé kan a kà á sí 54, òmíràn a kà á sí 67. Ibi tí oníkálukú ti gé e ló yàtọ̀ jù. Ìtò yìí ni orúkọ inú rẹ̀ dùn. Ìdúró kan wà tó ń jẹ́ lámilámi fara kan omi. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, nítorí àwa kò tilẹ̀ nílò àlàyé, orúkọ tí a fún kòkòrò náà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Òmíràn ni alápàńdẹ̀dẹ̀ kó ẹrẹ̀ sẹ́nu. Ẹni tó bá ti rí alápàńdẹ̀dẹ̀ lábẹ́ òrùlé ilé alámọ̀ rí, bó ṣe ń já wálẹ̀ tó sì tún ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ti mọ bí ṣóńṣó idà ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. Ológbò mú eku náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n adùn orúkọ kò kọ́ni ní ìdúró. Nínú oní-32, orúkọ náà ni iṣẹ́ náà: dúró lẹ́sẹ̀ kan, gún sókè, fà sẹ́yìn, gé sísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé fọ́tò, orúkọ yóò rán yín létí. Bí ẹ bá gbàgbé fọ́tò alápàńdẹ̀dẹ̀, ẹ ó kàn dúró ni, ẹ ó máa ronú ẹyẹ.

Ìtò oní-42 ti ìdíje nìyẹn, wọ́n pa àrà oríṣiríṣi ìdílé pọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ ná. Idà ìdílé Chen, oní-49, láti abúlé Chenjiagou ní Henan, ní Ṣáínà, níbi tí Yang Luchan tó dá ọ̀nà ìdílé Yang sílẹ̀ ti lọ kọ́ tai chi, ní ìfò, ó ní ìtẹ̀mọ́lẹ̀ gììrì, ó sì ń ṣe pẹ̀lẹ́ kó tó já lójijì bí pàṣán. Fọ́tò kò lè fi ìyára hàn. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé mi nìyẹn, bébà rẹ̀ ń dán bí awò, n kò kọ́ ohunkóhun níbẹ̀.

Irú ìwé mẹ́rin, àti ìdúró kẹfà

Ìdúró kan ni mo fi ń dán ìwé wò báyìí, ìkẹfà nínú oní-32. Duli lunpi ni wọ́n ń pè é: dúró lẹ́sẹ̀ kan, ju idà yípo, là á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára. Nígbà tí ìdúró karùn-ún bá parí, idà wà níwájú yín, ẹ ti fà á sápá òsì. Láti ibẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò gba ẹ̀gbẹ́ òsì yín lọ sẹ́yìn, yóò gòkè, yóò kọjá lókè orí, kó tó wá là sílẹ̀ níwájú. Bó ti ń bọ̀ wálẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ti tẹ̀ síwájú tó sì gba gbogbo ara dúró, orúnkún òsì ti gbé sókè, ìka méjì ọwọ́ òsì sì ti yí gba ẹ̀yìn gòkè dé òkè orí. Nǹkan mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbàdí ló ń yí gbogbo rẹ̀.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ rà jẹ́ ìwé fọ́tò. Fọ́tò rẹ̀ mọ́ kedere, ọkùnrin inú rẹ̀ wọ aṣọ sílíìkì funfun, èèyàn lè ka bọ́tìnnì rẹ̀. Fọ́tò méjì péré ni wọ́n fi ṣàlàyé ìdúró kẹfà: nínú ọ̀kan, idà wà lápá òsì; nínú èkejì, ọkùnrin náà ti dúró lẹ́sẹ̀ kan, idà ti wà nílẹ̀ níwájú. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Èmi rò pé wọ́n gbé e sókè ni wọ́n sì là á wálẹ̀. Ó lé ní oṣù kan tí mo fi ń ṣánlẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi bí ẹni tó ń ṣán oko iṣu, tí èjìká ń ro mí, tí ìyàwó mi sì ń bèèrè pé kí lọ̀tá náà ṣe fún mi gan-an.

Ìwé aláwòrán ni mo rà tẹ̀ lé e, èyí tó jẹ́ pé wọ́n fi ọwọ́ ya àwòrán rẹ̀. Kò lẹ́wà. Ọkùnrin inú rẹ̀ kò ní ojú tó ṣe é dá mọ̀, bébà rẹ̀ rí bí ti ìwé ìdánwò. Ṣùgbọ́n àmì ọfà wà lára gbogbo àwòrán: ìlà tó ṣe gbọọrọ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìlà tó já tótótó fún ti òsì. Lára ìdúró kẹfà, ọfà kan yí òbìrípo gbàgà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ọkùnrin náà kó tó gòkè. Mo wò ó, mo pa ìwé dé, mo tún ṣí i. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n kò tíì ṣe ìdúró kẹfà rí. Mo mú igi, mo tẹ̀ lé ọfà, ìbàdí mi sì yí fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo pè é.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò wé àwòrán, ẹ má wo èyí tó mọ́ jù. Ohun tí a fẹ́ rà ni ọ̀nà tí idà gbà láti fọ́tò kan dé èkejì. Ìwé fọ́tò tó ní ọfà wà, èyí ló sì dára jù bí ẹ bá rí i. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ mú àwòrán ọlọ́fà, ẹ fi fọ́tò aláṣọ sílíìkì sílẹ̀. Ìwé fọ́tò aláìlọ́fà ṣì lè wúlò bó bá fi fọ́tò mẹ́rin tàbí márùn-ún hàn fún ìdúró tó díjú. Ẹ ṣí i sí ìkẹfà, ẹ kà wọ́n. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sábà máa ń fi ojú ìwé díẹ̀ hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìdúró kẹfà kò bá sí níbẹ̀, ẹ mú èyíkéyìí tí idà ti yípo. Ẹ di bírò mú bí idà, kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ níbi tí ẹ jókòó sí. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti méfò, ẹ ti rí èsì.

Irú ìkẹta ni ìwé àtijọ́ tí wọ́n túmọ̀. Chen Weiming, ọmọ ẹ̀kọ́ Yang Chengfu (1883–1936), olùkọ́ ìdílé Yang, kọ ìwé lórí idà yìí láàárín ọdún 1920 sí 1930, ó sì ti wà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé irú èyí kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì pète bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kà á nígbà náà ní olùkọ́ nítòsí, ìwé kàn ń rán an létí ni, bí ìgbà tí ìyá bá ní kí ọmọ fi iyọ̀ sí i kó tó, ọmọ tó ti ń bá a se ọbẹ̀ láti kékeré ló mọ èyí tó tó. Alẹ́ ni mo ń ka tèmi, lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ rà á lọ́dún kejì.

Ìkẹrin ni ìwé tí fídíò bá rìn. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde kó síídì sẹ́yìn. Ẹ̀rọ tó ń gba síídì mélòó ló kù nínú ilé wa báyìí? Àwọn tuntun tẹ àmì onígun mẹ́rin kan sínú ìwé, tí ẹ ó fi fóònù yà kí fídíò tó jáde. Lára tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni fídíò náà jáde, lẹ́yìn náà ojú ìkànnì ọ̀hún kò ṣí mọ́ títí dòní, bẹ́ẹ̀ fídíò yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ san owó lé owó. Bí ẹ bá fẹ́ irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé fídíò náà ṣe é gbà sórí fóònù kí ẹ pa á mọ́, torí dátà náà kì í ṣe omi òjò.

Ẹ̀gún mìíràn wà nínú fídíò tí èèyàn kì í tètè rí. Ó dùn ún tẹ̀ lé. Bí ọkùnrin inú rẹ̀ bá ti ń ṣe, ẹ̀yin náà ń ṣe, ẹ ó rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bí iná bá lọ tí fídíò dúró, ọwọ́ yín náà dúró. Ìwé kò gbà fún irú èyí: ẹ gbọ́dọ̀ kà á, ẹ gbé e lé ilẹ̀, ẹ wá rántí. Ìrántí yẹn ni ẹ̀kọ́. Èmi a máa fi ìwé kọ́ ọ̀nà kan tán ná, kí n tó wo fídíò láti mọ bó ṣe yẹ kó yára sí àti ibi tí mo ti ṣì í.

Kànga ni gúúsù

Gbogbo ìwé wọ̀nyí ló ní ìṣòro kan náà: ọkùnrin inú fọ́tò kọjú sí yín. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lápá òsì yín. Bí ó bá yí, tí ẹ yí, tí ó tún yí, ẹ kò ní mọ ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn ìwé yanjú rẹ̀ lọ́nà méjì. Àwọn kan lo aago: ẹ tẹ̀ sí aago mẹ́sàn-án, ẹ gún sí aago méjìlá. Àwọn mìíràn lo ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn, àríwá àti gúúsù, gúúsù ni wọ́n sì sábà máa ń kọjú sí bẹ̀rẹ̀. Ti aago yá ẹni tó wà nínú yàrá. Èmi fara mọ́ ti ìlà-oòrùn, nítorí aago ń bá yín yí bí ẹ bá ti gbàgbé ibi tí méjìlá wà, ìlà-oòrùn kì í yí. Nílé mi, géètì ni ìlà-oòrùn, kànga ni gúúsù, ilé ìdáná ni ìwọ̀-oòrùn, ògiri aládùúgbò ni àríwá. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, mo mú pẹ́ńsù, mo pa gbogbo gúúsù inú ọ̀nà kìíní rẹ́, mo kọ kànga sí i. «Ẹ yí sí kànga, ẹ fà á sí géètì.» Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ti kúrò nínú ìdààmú tó gbà mí ní oṣù méjì. Ìwé tí kò bá sọ ibi tí a kọjú sí rárá, tó kàn ń sọ ọ̀tún àti òsì, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Ohun kékeré kan nípa àkọtọ́. Ìwé àtijọ́ a máa kọ chien, ti ìsinsìnyí a kọ jian, nǹkan kan náà ni. T'ai chi ch'uan àti taijiquan náà, ọ̀kan ni. Ọ̀nà ìkọ̀wé méjì ni wọ́n fi ń kọ èdè Ṣáínà ní lẹ́tà wa, èyí tuntun sì ti wà láti 1958. Ẹ má rò pé ẹ̀yà mìíràn lẹ rí kí ẹ wá tún owó san.

Bébà tàbí fóònù

Ìwé orí fóònù dínwó, kì í dúró de wébílì láti Èkó, ó sì ní oore kan tí bébà kò ní: ẹ lè ya fọ́tò ojú ìwé náà, kí ẹ yí i padà bí ẹni wo inú dígí. Ọkùnrin inú rẹ̀ á wá gbé idà sí apá kan náà pẹ̀lú yín, ẹ ó sì máa ṣe bó ṣe ń ṣe. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, èyí dùn ju oyin lọ.

Síbẹ̀ bébà ni tèmi. Ìtànṣán oòrùn aago mẹ́jọ kì í jẹ́ kí èèyàn rí ojú fóònù ní gbangba, iná rẹ̀ a sì máa pa nígbà tí ọwọ́ méjèèjì bá há. Lóòótọ́, bébà náà ní wàhálà tirẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kò ní ṣí kalẹ̀. Ẹ ó gbé e sílẹ̀, ẹ ó tó tẹ ẹsẹ̀ kan síwájú, yóò ti pa ara rẹ̀ dé. Mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́, òkúta bo ìdúró tí mò ń wò. Mo wá gbé e lọ sí ilé fótókọ́pì, wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi wáyà oníhò dì í bíi káléńdà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣí kalẹ̀ pẹrẹsẹ lórí ìdúró tí mo bá fẹ́. Ó ká mi lára díẹ̀, bíbẹ́ ìwé lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù.

Ní ti ibi tí a ti ń ṣe é: kì í ṣe inú pálọ̀. Mo ti fọ́ gílóòbù kan. Bí idà bá gùn tó, tí apá náà sì nà, kò sí òkè àjà tó tó o. Àwọn tó ń gbé níbi tí àpáta ti tẹ́ pẹrẹsẹ, bíi ti ọ̀nà Ìkéré, níbi tí wọ́n máa ń sá láfún sí, ti rí ilẹ̀ tó dára lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Tí òjò bá ti rọ̀, ẹ yà fún un, ó ń yọ̀.

Idà náà ńkọ́?

Ìwé kan yóò ní ẹ ra ti irin, òmíràn yóò ní igi ti tó. Igi ni. Ti irin tí wọ́n ń fi ṣeré fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń mì fìrìfìrì, ó sì dára, ṣùgbọ́n ẹ kò ní fẹ́ máa ṣàlàyé ara yín fún ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn lójú ọ̀nà láago mẹ́fà àárọ̀. Ti onírin tó ń wọ inú ara rẹ̀ bí ẹ̀ríà rédíò náà wà. Ìwúwo rẹ̀ kò sí níbi tó yẹ, ohun ìṣeré ọmọdé ni.

Mo lọ bá káfíńtà kan ládùúgbò wa. Ó wo bébà tí mo ya fún un, ó wò mí.

«Bàbá, ṣé Dáfídì àti Gòláyátì lẹ fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?»

«Rárá o. Eré ìdárayá ni.»

«Eré ìdárayá wo ló ń lo idà? Ẹ̀yin àgbà yìí sá.» Ó mú téèpù. «Báwo ló ṣe máa gùn tó?»

Èyí ni gbogbo ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹnu kò lé lórí: ẹ fi ọwọ́ òsì di èèkù mú, kí apá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí idà fara ti ẹ̀yìn apá, ṣóńṣó rẹ̀ yóò dé bí etí. Mo dúró bẹ́ẹ̀ fún un, ó wọ̀n ọ́n láti ọwọ́ dé etí. Ó ní igi apá lòun máa fi ṣe é kó lè lálòpẹ́. Mo gbà, mo ṣì í. Igi apá wúwo, ó sì le bí ojú ajá. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọrùn-ọwọ́ mi ti wú. Arère ló ṣe èkejì. Arère fúyẹ́, ó máa ń tètè dégbò bó bá gbá ògiri, ṣùgbọ́n ọrùn-ọwọ́ olùbẹ̀rẹ̀ ló ń dúpẹ́. Ẹ ní kó fi sáńpépà fá ojú méjèèjì, kó má mú, kó sì mú èèkù rẹ̀ tóbi díẹ̀. Dídì mọ́ gírígírí kọ́ ló ni eré yìí: àtàǹpàkò àti ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e ló ń gbé e, ìka ìfábẹ̀lá àti ọmọńdinrín kàn bá wọn dé ni. Bí ìwé bá fi ojú ìwé kan gbáko ṣàlàyé dídì mú yìí, àmì rere ni. Bí ó bá fò ó, ẹni tó kọ ọ́ ti gbàgbé ìgbà tí òun náà ń kọ́.

Ta ló máa ra èyí wo?

Ẹni tó ti mọ tai chi ọwọ́ lásán, tó ń dá gbé, tí kò sí olùkọ́ nítòsí rẹ̀: oní-32, àwòrán ọlọ́fà tàbí fọ́tò ọlọ́fà, bébà, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀dọ́ tó ń ka kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí tó wà ní yunifásítì, tí ara rẹ̀ yá, tó ń lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níbi tó ti lè bá olùkọ́ pàdé, lè gba ìwé fídíò, kódà kó wo ti ìdílé Yang gígùn náà.

Àgbàlagbà tó jẹ́ pé ohun tó ń wá ni kí ẹsẹ̀ òun má yẹ̀ mọ́ lórí àtẹ̀gùn, n kò ní tàn án. Ìwádìí tó fi hàn pé tai chi ń dín ìṣubú àgbàlagbà kù, orí ti ọwọ́ lásán ni wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù. Kó fi owó ìwé idà ra bàtà tó bá a lẹ́sẹ̀ mu, kó sì máa ṣe oní-24. Bó bá ṣì ń fẹ́ idà, kó wo bí ìwé náà ṣe ṣàlàyé ìdúró kẹta, níbi tí ẹsẹ̀ kan ti nà gbalaja sílẹ̀ tí èèyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lórí èkejì. Ìwé tó dáa yóò sọ pé ẹ lè dúró lókè díẹ̀, yóò sì kìlọ̀ pé kí orúnkún kọjú síbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí. Ìwé tó bá kàn ní kí ẹ lọ sílẹ̀ dáadáa, tí kò sọ̀rọ̀ orúnkún, ọmọ ogún ọdún ló kọ ọ́ fún. Bí orúnkún bá ti ń dùn yín tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá ìwé sọ̀rọ̀.

Èmi ti dé ìkẹrìnlá báyìí, nínú ọ̀nà kejì: fò síwájú, gún tààrà. Ọkùnrin inú ìwé mi wà lófuurufú nínú àwòrán náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ọfà kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti wo ọfà náà tó. Láti ọ̀dọ̀ géètì sí ilé ìdáná, mo kàn ń tẹ ẹsẹ̀ kan síwájú ni, mo sì ń gún.